Esperanto: bí ọ̀rọ̀ ìṣe rẹ̀ ṣe ń sọ ìgbà, àti bí gbòǹgbò kan ṣe ń bí ọ̀rọ̀ púpọ̀

Bí ẹ bá ṣí Google Translate lórí fóònù, tí ẹ ń wá Yorùbá nínú àkójọ èdè rẹ̀, ẹ ó kọjá orúkọ kan tó ń jẹ́ Esperanto kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ tiwa. Ọdún 2012 ni wọ́n fi í síbẹ̀. Ìparí 2013 ni Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò tó wọlé. Níbí ní Abuja, tí ọmọ Yorùbá ti ń gbọ́ Haúsá lọ́jà àti Gẹ̀ẹ́sì nílé ìwé, tí àwọn òbí sì ń sapá kí Yorùbá má bàa sọnù mọ́ ọn lẹ́nu, ìbéèrè tó máa ń tẹ̀lé orúkọ yẹn kì í ṣe kékeré. Èdè ìlú wo nìyí? Àwọn wo ló ń sọ ọ́? Ṣé ẹ̀sìn tuntun ni, àbí ẹgbẹ́ ìmùlẹ̀? Nígbà tí àwọn tó ń sọ ọ́ wá ṣe àpéjọ àgbáyé wọn ní Arusha, ní Tanzania, lóṣù kẹjọ 2024, tó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí irú rẹ̀ wáyé nílẹ̀ Áfíríkà, ṣe ni ìbéèrè tún pọ̀ sí i.

Ohun méjì tí wọ́n máa ń sọ nípa èdè yìí ló ń da àwọn èèyàn láàmú jù. Wọ́n ní òfin gírámà rẹ̀ kò ju 16 lọ, àti pé kò sí ọ̀rọ̀ ìṣe kankan tó ń ṣorí kunkun nínú rẹ̀. Wọ́n tún ní ẹni tó bá mọ gbòǹgbò ọ̀rọ̀ díẹ̀ lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ. Òótọ́ ni méjèèjì, ṣùgbọ́n òótọ́ tó gba àlàyé ni. Ó sì dá mi lójú pé ọmọ Yorùbá tó ń gbé láàrin Haúsá ti ní ohun tó lè fi yé e kíákíá ju ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan lọ.

## Èdè tí èèyàn jókòó ṣe, báwo nìyẹn ṣe jẹ́?

Èdè àtọwọ́dá ni Esperanto. Dókítà ojú kan tó ń jẹ́ Ludwik Zamenhof ló ṣe é. Ọdún 1859 ni wọ́n bí i ní Białystok, ìlú tó wà lábẹ́ ọba Rọ́ṣíà nígbà náà, tó wà ní Poland lónìí. Àwọn Júù, àwọn Polish, àwọn ará Rọ́ṣíà àti àwọn ará Jámánì ló kún ìlú náà, èdè oníkálukú sì yàtọ̀. Zamenhof gbà pé àìgbọ́ èdè ara wọn wà lára ohun tó ń fa ìjà àti ìkórìíra láàrin wọn. Ní 1887, ní Warsaw, ó tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde tó fi la ìlànà èdè tuntun náà sílẹ̀, pẹ̀lú gbòǹgbò ọ̀rọ̀ tó lé ní 900. Kò fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Doktoro Esperanto ló kọ, ìyẹn Dókítà Onírètí, orúkọ ìnagijẹ yẹn ni èdè náà sì ń jẹ́ títí dòní.

Kò sí ìlú tàbí ẹ̀yà tó ni ín. Ohun tí Zamenhof fẹ́ ni pé kí ó jẹ́ èdè kejì fún gbogbo èèyàn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe jọ̀gá lórí ẹnìkejì rẹ̀ nítorí èdè. Kì í ṣe ẹ̀sìn, kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ awo. Àwọn ọmọ kan tilẹ̀ wà tí wọ́n bá a nílé, nítorí òun ni bàbá àti ìyá wọn ń bá ara wọn sọ. Ìrònú báyìí kò ṣàjèjì sí Nàìjíríà náà: láti 1965 ni Alex Igbineweka ti bẹ̀rẹ̀ Guosa, èdè àtọwọ́dá tó kó ọ̀rọ̀ jọ láti inú àwọn èdè ilẹ̀ wa.

Ó yẹ kí n sọ àbùkù kan tó hàn gbangba lára Esperanto kí a tó wọ inú rẹ̀. Ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n ti kó gbòǹgbò ọ̀rọ̀ rẹ̀, pàápàá Látìnì àtàwọn èdè tó bí, Jámánì, Gẹ̀ẹ́sì àtàwọn èdè bíi ti Rọ́ṣíà àti Poland. Ẹni tó ń pè é ní èdè tí kò ṣojúsàájú níláti ronú sí i. Ìtò rẹ̀ lọ̀rọ̀ tiwa, ibẹ̀ ni ó ti jọ wá ju bí ẹnikẹ́ni ṣe lè fọkàn sí lọ.

## Kí ni àsìkò, kí sì ni ibá ìṣẹ̀lẹ̀?

Nǹkan méjì yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń pò pọ̀, àwọn olùkọ́ Yorùbá sì ti fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lórúkọ tipẹ́ nínú ìwé girama wa. Àsìkò ń sọ ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀: ó ti kọjá, ó ń ṣẹlẹ̀ báyìí, tàbí ó ń bọ̀. Ibá ìṣẹ̀lẹ̀ ń sọ ipò tí nǹkan náà wà: ṣé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni, ṣé ó ń lọ lọ́wọ́, ṣé ó ti parí, àbí ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà gbogbo ni.

Ẹ wo bọ́ọ̀sì tó ń ti Jabi lọ Ìlọrin. Bí mo bá bi yín pé ọjọ́ wo ni ó rin ìrìn náà, àsìkò ni mo ń béèrè: lánàá, lónìí, tàbí lọ́la. Bí mo bá bi yín pé ṣé ó ṣì ń kó èrò ní gáréèjì, àbí ó ti kọjá Lọ́kọ́ja tó sì ń lọ, àbí àwọn èrò ti sọ̀ kalẹ̀ tí wọ́n ti gba ilé wọn lọ, ibá ìṣẹ̀lẹ̀ ni mo ń béèrè. Bọ́ọ̀sì àná lè jẹ́ èyí tó ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ó sì lè jẹ́ èyí tó ti dé. Ọjọ́ kan náà ni, ipò yàtọ̀.

Yorùbá kò fi ọ̀rọ̀ ibá ìṣẹ̀lẹ̀ ṣeré rárá. "Ó ń jẹun", "ó ti jẹun", "ó máa ń jẹun": ń, ti àti máa ń ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa, ń yìí kò sọ ọjọ́ kankan fún wa. "Nígbà tí mo pè é lánàá, ó ń jẹun." "Má yọ ọ́ lẹ́nu báyìí, ó ń jẹun." "Tí o bá dé ibẹ̀ ní aago méjì ọ̀la, wàá bá a níbi tó ti ń jẹun." Àná, òní, ọ̀la, ń kan náà. Kódà ọ̀rọ̀ ìṣe tí a kò fi nǹkan kan sí níwájú lè dúró fún àná tàbí òní: "ó jẹ ẹ̀bà" ti ṣẹlẹ̀ kọjá, "ó mọ ilé mi" sì jẹ́ ti ìsinsìnyí. Ìdí nìyẹn tí ìwé gírámà wa fi ń pe àsìkò yìí ní afànámónìí, nítorí pé ó fi àná mọ́ òní.

Haúsá tí à ń gbọ́ láràárọ̀ ní Nyanya àti Kubwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ara arọ́pò orúkọ ni ó fi tirẹ̀ sí. "Ya zo" ni ó wá, "yana zuwa" ni ó ń bọ̀, "yakan zo" ni ó máa ń wá, "zai zo" ni yóò wá.

## Esperanto ńkọ́, ibo ló fi àsìkò sí?

Ìdí ọ̀rọ̀ ìṣe ni. Ẹ mú manĝi, tó túmọ̀ sí jẹun (ĝ yìí ni j tiwa tó wà nínú jẹ). Manĝ- ni gbòǹgbò rẹ̀, kì í yí padà láé. Ohun tó ń yí padà ni ìrù rẹ̀. Mi manĝas: mo ń jẹun. Mi manĝis: mo jẹun. Mi manĝos: màá jẹun. Bí ẹ bá fẹ́ sọ pé "ǹ bá jẹun", manĝus ni. Bí ẹ bá fẹ́ pàṣẹ fún ẹnì kan pé kó jẹun, manĝu. Ó parí nìyẹn. Ìrù kan náà ni gbogbo ọ̀rọ̀ ìṣe inú èdè náà ń lò, ìbáà jẹ́ lọ, ìbáà jẹ́ wá, ìbáà jẹ́ kú. Ọmọ tó ti fi omijé kọ́ ọ̀rọ̀ ìṣe Gẹ̀ẹ́sì tó ń yíra padà bí ọ̀gà kò ní rí irú rẹ̀ níbí.

Kò sì sí ti pé olùwà yí padà kí ọ̀rọ̀ ìṣe náà yí. Èmi, ìwọ, òun, àwa, àwọn: mi manĝas, vi manĝas, li manĝas, ni manĝas, ili manĝas. Tiwa náà nìyẹn: mo lọ, o lọ, ó lọ, a lọ, wọ́n lọ.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ fún wa rèé. "Mi manĝas" lè jẹ́ mo ń jẹun, ó sì lè jẹ́ mo máa ń jẹun. "Mi manĝis" lè jẹ́ mo jẹun, ó sì lè jẹ́ mo ti jẹun. Àsìkò ni ìrù ọ̀rọ̀ náà ń sọ, kò sọ ibá. Yorùbá tó bá dé ibí yóò kọ́kọ́ máa wá "ń" rẹ̀ kiri, yóò máa wá "ti" rẹ̀, bíi pé wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.

## Báwo ló ṣe wá ń sọ pé nǹkan ń lọ lọ́wọ́ tàbí pé ó ti tán?

Ó ní ọ̀nà tó pọ̀, kò kàn fi dandan lé e bíi tiwa ni. Èyí tó rọrùn jù ni kí á fi ọ̀rọ̀ kékeré kan sí i. Jam (ẹ pè é bíi "yam") ń ṣe iṣẹ́ tó sún mọ́ ti "ti" tiwa gan-an: "Mi jam manĝis", mo ti jẹun. "Mi ankoraŭ ne manĝis", n kò tíì jẹun.

Ọ̀nà kejì ló wù mí jù, torí ibẹ̀ ni àfòmọ́ ti wọlé. Àfòmọ́ ni ègé ọ̀rọ̀ tí kò lè dá dúró, tó jẹ́ pé ara gbòǹgbò ló máa ń lẹ̀ mọ́, bíi àì- nínú àìmọ̀. Ek- jẹ́ àfòmọ́ tí wọ́n ń fi síwájú ọ̀rọ̀ ìṣe láti fi hàn pé nǹkan bẹ̀rẹ̀ lójijì. Plori ni sunkún. Ekplori ni bú sẹ́kún. Ridi ni rẹ́rìn-ín. Ekridi ni bú sẹ́rìn-ín. Yorùbá ti ní ibá yìí lẹ́nu tipẹ́ nínú "bú sí", kò kàn sí ẹni tó jókòó kọ́ wa pé ibá ni. Dormi ni sùn. Ekdormi ni kí oorun gbé èèyàn lọ. Fún ohun tó ń lọ ṣáá láìdáwọ́ dúró, wọ́n ń fi -ad- há àárín gbòǹgbò àti ìrù: ploradi, máa sunkún ṣáá. Fún ohun tí a ṣe dópin, wọ́n lè fi fin- síwájú: legi ni kàwé, finlegi ni kà á tán.

Ẹ wá wo gbólóhùn kan tó kó wọn jọ: "La infano ekploris, ploradis, kaj fine ekdormis." Ọmọ náà bú sẹ́kún, ó ń sunkún ṣáá, nígbẹ̀yìn oorun gbé e lọ. Ìrù kan náà, -is, ló wà lára ọ̀rọ̀ ìṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí àsìkò kan náà ni: ó ti kọjá. Ṣùgbọ́n ipò mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, àfòmọ́ ló sì fi wọ́n hàn. Ẹni tó bá rí ìyàtọ̀ tó wà láàrin -is àti ek- nínú gbólóhùn yẹn ti mọ ìyàtọ̀ tó wà láàrin àsìkò àti ibá ìṣẹ̀lẹ̀.

## Ààrẹ mélòó ló wà nínú gbòǹgbò kan?

Ní ìlú tí ọ̀rọ̀ Aso Rock kì í tán lẹ́nu wa yìí, àpẹẹrẹ tó dára jù fún ìpele tó kàn ni ọ̀rọ̀ ààrẹ. Prezidi ni kí èèyàn máa ṣe alága tàbí olórí. Esperanto ní àfòmọ́ mẹ́ta tó ń sọ ẹni tó ń ṣe nǹkan: -ant- fún ẹni tó ń ṣe é lọ́wọ́, -int- fún ẹni tó ti ṣe é, -ont- fún ẹni tó máa ṣe é. Ẹ fi -o sí i kó di ọ̀rọ̀ orúkọ. Prezidanto ni ààrẹ tó wà lórí àga. Prezidinto ni ààrẹ àná. Prezidonto ni èyí tí a ti dìbò yàn tí wọn kò tíì búra fún. Fáwẹ̀lì kan ṣoṣo ló yàtọ̀ láàrin wọn, a, i, o, fáwẹ̀lì kan náà tó wà nínú -as, -is àti -os.

Mẹ́ta mìíràn wà fún ohun tí a ṣe nǹkan sí: -at-, -it-, -ot-. Bí a bá fi -a sí ìparí wọn, wọ́n á di ọ̀rọ̀ àpèjúwe: -ata, -ita, -ota. Legata libro ni ìwé tí wọ́n ń kà lọ́wọ́, legita libro ni èyí tí wọ́n ti kà, legota libro ni èyí tí wọ́n máa kà. Orúkọ Esperanto gan-an, ara ilé yìí ló ti jáde: esper- ni rètí, -ant- ni ẹni tó ń ṣe é lọ́wọ́, -o sọ ọ́ di orúkọ.

Èèyàn lè wá rò pé kí òun tètè fi èyí ṣe "ń" tí òun ń wá kiri, kí òun máa sọ pé "mi estas manĝanta" fún mo ń jẹun. Kò lòdì sí òfin, ṣùgbọ́n àwọn tó gbọ́ èdè náà dáadáa kì í sábà sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. "Mi manĝas" ti tó. Ipa Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń mú kí akẹ́kọ̀ọ́ tò ó bẹ́ẹ̀.

## Ìjà wo ni wọ́n jà lórí -ata àti -ita?

Ibí yìí ni òfin 16 náà ti fi hàn pé òun kò tó. Ká ní a fẹ́ sọ pé 1991 ni wọ́n kọ́ ilé kan, ọdún tí Abuja di olú ìlú. Ṣé "la domo estis konstruata en 1991" ni ká wí, àbí "la domo estis konstruita en 1991"?

Àwọn kan ní -ata ni. Wọ́n ní àsìkò ni àfòmọ́ yìí ń sọ: inú 1991 náà ni iṣẹ́ ìkọ́lé ti wáyé, bí ẹ bá wá fi -ita sí i, ẹ ń sọ pé ilé ti wà nílẹ̀ kí 1991 tó dé. Àwọn ìhà kejì ní rárá, ibá ìṣẹ̀lẹ̀ ni ó ń sọ: iṣẹ́ tó parí ni à ń wí, ilé dìde, ó tán, nítorí náà -ita ni. Ní tiwọn, konstruata yóò mú kí ó dà bí ẹni pé bíríkì àti yanrìn ni ó wà nílẹ̀, tí birikìlà ṣì ń po sìmẹ́ǹtì. Àríyànjiyàn náà gbóná fún ọ̀pọ̀ ọdún, èèyàn gidi tó fẹ́ràn èdè kan náà ń kọ̀wé ta ko ara wọn. Ní 1967, Àkádẹ́mì Esperanto, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ìlànà èdè náà, gbè sẹ́yìn -ita, bí Zamenhof fúnra rẹ̀ ṣe máa ń kọ ọ́.

Lójú tèmi, àwọn Àkádẹ́mì ṣe ohun tó tọ́, ẹni tó ń sọ Yorùbá kò sì ní pẹ́ kó tó rí ìdí rẹ̀. "Nígbà tí mo dé, wọ́n ń kọ́ ilé náà" àti "nígbà tí mo dé, wọ́n ti kọ́ ilé náà" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ rárá létí wa. Bóyá ilé parí tàbí kò parí ni.

Ohun tó tún dùn mọ́ mi ni pé àwọn tó gbọ́ Esperanto dáadáa máa ń yẹra fún ìjà náà pátápátá nípa sísọ ọ́ bí àwa ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kékeré kan, oni, tó ń dúró fún èèyàn tí a kò dárúkọ. "Oni konstruis la domon en 1991": wọ́n kọ́ ilé náà ní 1991. "Wọ́n" tí kò tọ́ka sí ẹnikẹ́ni yìí ni Yorùbá ń lò lójoojúmọ́, "wọ́n ti mú iná lọ", "wọ́n bí i ní Ògbómọ̀ṣọ́", a kì í sì í béèrè pé àwọn wo. Ọ̀nà àbùjá tó dára ni fún akẹ́kọ̀ọ́ tí -ata àti -ita bá ń yọ lẹ́nu.

## Báwo ni gbòǹgbò kan ṣe ń bí ọ̀rọ̀ púpọ̀?

Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà ní lẹ́tà tó gbẹ̀yìn. -o ni ọ̀rọ̀ orúkọ, -a ni ọ̀rọ̀ àpèjúwe, -e ni ọ̀rọ̀ àpọ́nlé, -i ni ọ̀rọ̀ ìṣe tí a kò tíì fún ní àsìkò. Láàrin gbòǹgbò àti lẹ́tà ìkẹyìn yìí ni àfòmọ́ ti ń tò.

Ẹ jẹ́ ká rìn ín ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Sana ni ẹni tí ara rẹ̀ le. Mal- ń sọ nǹkan di òdìkejì rẹ̀, nítorí náà malsana ni ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Malsano ni àìsàn. -ul- ni ẹni tó ní ìwà tàbí ipò kan, malsanulo wá di aláìsàn. -ej- ni ibi tí nǹkan wà, malsanulejo sì ni ibi àwọn aláìsàn, ilé ìwòsàn. Mal, san, ul, ej, o: ègé márùn-ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan mú ìtumọ̀ tirẹ̀ wá, kò sí èyí tó yí ìrísí padà nítorí ẹnìkejì rẹ̀. Látìnì ni san- yẹn ti wá, kò bá sàn tiwa tan rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń sọ pé ara mi ti sàn, tó sì mọ̀ pé àìsàn ni òdìkejì rẹ̀, ti di ọ̀rọ̀ yẹn mú lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn mìíràn tó máa ń wúlò: -in- fún obìnrin, patro ni bàbá, patrino ni ìyá. -an- ni ará: urbo ni ìlú, urbano ni ará ìlú, vilaĝo ni abúlé, vilaĝano ni ará abúlé. -ar- ni àkójọ: arbo ni igi, arbaro ni igbó. -ebl- ni ohun tó ṣeé ṣe: manĝebla, ó ṣeé jẹ.

Méjì kan wà tó so ọ̀rọ̀ ìṣe àti ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ pọ̀: -ig- àti -iĝ-. Omi tó wà lórí iná ni ẹ fi wò ó. "La akvo bolas", omi ń hó. "La akvo ekbolas", omi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hó. "Mi boligas akvon", èmi ni mo ń mú omi hó, ìyẹn ni pé mo gbé e kaná. -ig- ń mú kí nǹkan ṣẹlẹ̀. Morti ni kú, mortigi sì ni pa, nítorí ẹni tó pa ẹran ló mú un kú. -iĝ- ni ti ohun tó di nǹkan fúnra rẹ̀: ruĝa ni pupa, ruĝiĝi ni kí nǹkan pọ́n. Naski ni bí ọmọ, naskiĝi sì ni kí a bí èèyàn. "Mi naskiĝis en Kaduna" ni ọ̀pọ̀ wọn ń sọ lónìí fún "Kàdúná ni wọ́n bí mi sí", kò sì sí -ata tàbí -ita nínú rẹ̀ rárá.

## Kí ni makaranta ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀?

Púpọ̀. Karanta ni kàwé ní Haúsá, makaranta sì ni ibi ìkàwé, ilé ìwé. Lerni ni kẹ́kọ̀ọ́ ní Esperanto, lernejo ni ibi ìkẹ́kọ̀ọ́. Ìtò kan náà ni, àyàfi pé Haúsá fi àfòmọ́ rẹ̀ síwájú, Esperanto fi tirẹ̀ sẹ́yìn. Noma ni iṣẹ́ oko, manomi ni àgbẹ̀. Ɗinka ni ránṣọ, maɗinki ni télọ̀. Buɗe ni ṣí, mabuɗi ni kọ́kọ́rọ́. Ma- kan náà ni Haúsá fi ń sọ èèyàn, ibi àti irinṣẹ́, tó sì ń fi fáwẹ̀lì ìparí àti ohùn ṣe ìyàtọ̀. Esperanto ya wọn sọ́tọ̀: -ist- fún ẹni tó fi nǹkan ṣiṣẹ́ ṣe, -ej- fún ibi, -il- fún irinṣẹ́. Kudri ni ránṣọ, kudristo ni aránṣọ, kudrilo ni abẹ́rẹ́ tàbí ohun ìránṣọ. Fún kọ́kọ́rọ́, ŝlosi ni tì, ŝlosilo ni ohun tí a fi ń ti ìlẹ̀kùn. Haúsá sọ kọ́kọ́rọ́ lórúkọ ìṣí, Esperanto sọ ọ́ lórúkọ ìtì.

Yorùbá náà ń lo àfòmọ́ gidigidi, apẹja, òǹkàwé, aláta, ìfẹ́, àìmọ̀, ṣùgbọ́n iwájú ni tiwa máa ń jókòó, kì í sí ní ìdí ọ̀rọ̀. Nítorí ìyẹn, ohun tí mo máa ń sọ fún ẹni tó bá ń tiraka láti ka Esperanto ni pé kó ka ọ̀rọ̀ gígùn láti ẹ̀yìn wá síwájú. Malsanulejo: nǹkan ni (-o), ibi ni (-ej-), ibi èèyàn ni (-ul-), èèyàn tí ara rẹ̀ kò yá (malsan-). Tí ẹ bá wá pa á pọ̀, ẹ ó rí i pé bí Yorùbá ṣe ń tò ó gan-an ló jáde: ibi, ti àwọn ẹni, tí kò sàn.

## Ibo ló ti lè tan akẹ́kọ̀ọ́ jẹ?

Mal- ni àkọ́kọ́. Àì- tiwa ń sọ pé nǹkan kò sí, ṣùgbọ́n mal- ń sọ pé òdìkejì rẹ̀ gan-an ló wà. Bona ni dára. Malbona kì í ṣe "kò fi bẹ́ẹ̀ dára", burú ni. Amiko ni ọ̀rẹ́; malamiko kì í ṣe ẹni tí a kò tíì bá ṣọ̀rẹ́, ọ̀tá ni. Àwa tí a máa ń fi "kò dára" bọ̀wọ̀ fún ohun tó burú ní láti ṣọ́ra níbí. Bí ẹ bá fẹ́ sọ pé kò sí, ne- tàbí sen- ni ẹ ó lò: senmona ni ẹni tí kò ní owó lọ́wọ́.

Ìkejì ni pé kì í ṣe gbogbo ohun tí a lè tò pọ̀ ni àwọn èèyàn ń sọ. Hospitalo wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè lẹ́gbẹ̀ẹ́ malsanulejo, ẹ ó sì gbọ́ méjèèjì. Paroli ni sọ̀rọ̀, -ad- sì yẹ kó sọ parolado di ọ̀rọ̀ tó ń lọ ṣáá. Àsọyé tí èèyàn dìde sọ níwájú àwùjọ ló dúró fún báyìí. Ẹnu àwọn tó ń sọ ọ́ ló pinnu ìyẹn, kì í ṣe òfin.

Ìkẹta ni pé ọ̀rọ̀ kan lè là sí ọ̀nà méjì. Kolego ni ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Ṣùgbọ́n kolo ni ọrùn, -eg- sì ń sọ nǹkan di ńlá, nítorí náà kolego náà lè jẹ́ ọrùn gbàǹgbà. Lójú ìwé, òǹkọ̀wé tí kò bá fẹ́ kí àwọn òǹkàwé ṣì í gbọ́ lè fi àmì kékeré sí àárín rẹ̀, kol-ego, òfin èdè náà sì gbà á láàyè. Lẹ́nu, ọ̀rọ̀ tó yí i ká ni yóò sọ èyí tí à ń wí.